Montessori nínú rúùmù àti pálọ̀: bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún 3 sí 6 ní Èkó

Láti Ojúẹlẹ́gbà títí dé Ṣómólú, kò sí àdúgbò tí èèyàn máa gbà kọjá tí kò ní rí pátákó ilé-ìwé tí wọ́n kọ Montessori sí. Òmíràn wà nínú bọ́ìsìkọ́tà tí wọ́n sọ di kíláàsì, òmíràn wà nínú ilé alájà mẹ́ta tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ni orúkọ yẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ sára pátákó, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé-ìwé, tàbí kẹ́ ẹ tó ra àwọn igi aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń polówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Òbí tó ń gbé rúùmù kan àti pálọ̀ ni mò ń kọ èyí fún, ẹni tó ń jáde nílé ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, tó sì fẹ́ kí ọmọ òun rí jẹ nínú ẹ̀kọ́ yìí láìta ilẹ̀.

Dókítà ìṣègùn ni Maria Montessori, ọmọ Ítálì, òun ló dá ọ̀nà ìkọ́mọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè yìí sílẹ̀. Ọdún 1896 ló gboyè ní Yunifásítì Róòmù. Ní oṣù kìíní ọdún 1907, wọ́n kó àwọn ọmọ kan lé e lọ́wọ́ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà nílùú Róòmù. Ọmọ àwọn lébìrà ni wọ́n. Bàbá á lọ síbi iṣẹ́, ìyá á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ kéékèèké á máa ba ògiri ilé jẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tó ni ilé náà ló wá ẹni tó máa bá wọn kó àwọn ọmọ jọ sójú kan. Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí ilẹ̀kùn mẹ́wàá kọjú síra wọn ní Mushin mọ irú ilé tí mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà pẹ́ dé, ó sì ti gbàgbé láti ti kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó fi máa dé, àwọn ọmọ ti mú iṣẹ́ fúnra wọn, oníkálukú ti jókòó ti ohun tó wù ú. Tíṣà pè é ní olè jíjà. Ohun tí Montessori rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́. Látìgbà náà ló ti ní kí wọ́n máa kó ohun èlò sórí pẹpẹ tó lọ sílẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ máa tó o. Gbogbo ohun tó kù tí mo máa sọ, inú ìyẹn ló ti yọ: ọmọ á mú iṣẹ́ gidi, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, àgbàlagbà á sì mú ọwọ́ kúrò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń nira jù fún wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá igun kan fún un

Ẹ ò nílò yàrá ọ̀tọ̀. Ibi tó gba ẹní kan nínú pálọ̀ ti tó. Ẹ wá pẹpẹ kékeré kan tí òkè rẹ̀ kò kọjá àyà ọmọ. Kápẹ́ńtà àdúgbò lè fi àjákù pákó kàn án fún yín. Kí wọ́n gbá a mọ́ ògiri kó má bàa wó lu ọmọ. Bí lánlọ́ọ̀dù ò bá gbà kí ẹ kan ìṣó mọ́ ògiri òun, ẹ ní kí kápẹ́ńtà ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó fẹ̀ dáadáa ju òkè lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra tíréè kéékèèké ní Oyíngbò tàbí Ìdúmọ̀tà, irú èyí tí ọmọ lè fi ọwọ́ méjì gbé. Iṣẹ́ kan, tíréè kan. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà gbọ́dọ̀ wà lórí tíréè yẹn, títí dórí àkísà tó máa fi nu omi. Ọmọ tó bá ní láti dìde lẹ́ẹ̀mẹta lọ wá nǹkan kò ní padà wá jókòó.

Ẹ wá ẹní kékeré kan tó jẹ́ tiẹ̀. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á tẹ́ ẹ. Tó bá parí, á ká a, á sì gbé e sí ibi tó ti mú un. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba orí ẹní yẹn kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o, ẹ̀yin náà o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn ju títẹ́ àti kíká ẹní lọ. Lójú àgbàlagbà, kò tó nǹkan, àmọ́ ọmọ ọdún 3 lè ká ẹní kan náà títí tí ọbẹ̀ yín á fi jinná.

Iṣẹ́ mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni kó wà lórí pẹpẹ. Àwọn tọ́ì tó kù, ẹ kó wọn sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá rí èyí tí ọmọ kò fọwọ́ kàn mọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Níbi tí nǹkan bá ti pọ̀ jù, ọmọ á kàn máa tú u ká ni.

Ní ti ohun èlò gidi, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀kan wò, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa wá. Igi mẹ́wàá kan wà tí wọ́n kùn ní píǹkì, tí ọmọ máa ń tò léra bí ilé gogoro. Èyí tó kéré jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, èyí tó tóbi jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, sẹ̀ǹtímítà kan ni wọ́n sì fi ń ju ara wọn lọ. Bí ọmọ bá tò ó ṣì, ojú ara rẹ̀ ló máa sọ fún un, tíṣà kò ní láti la ẹnu. Ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè nìyẹn nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan: ṣé nǹkan yìí lè fi àṣìṣe han ọmọ láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀? Àwọn abọ́ onídèérí tó ń wọnú ara wọn tí wọ́n ń tà ní Oyíngbò ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn dáadáa, nítorí ìdérí abọ́ kékeré kò lè dé ńlá láéláé. Tọ́ì oníbátìrì tó ń kọrin tó sì ń tan iná kò lè ṣe é, iye yòówù kí wọ́n tà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: dída omi

Mo fẹ́ ká dúró lórí iṣẹ́ yìí díẹ̀, nítorí bí ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀kan han ọmọ, ẹ ti mọ gbogbo wọn.

Ẹ wá jọ́ọ̀gì kékeré méjì tó dọ́gba, tó ní ọwọ́ àti ẹnu ṣóńṣó. Bó bá lè jẹ́ tánńganran tàbí gíláàsì, ó dáa ju ike lọ, nítorí ọmọ tó mọ̀ pé nǹkan lè fọ́ máa ń rọra ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀wà gbígbẹ ṣe é, lẹ́yìn náà ìrẹsì, lẹ́yìn náà omi. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà, ẹ má kúrò nítòsí, ẹ̀wà ò jìnnà sí ihò imú ọmọdé. Tó bá ti di omi, ẹ bu u kó má kọjá ìdajì jọ́ọ̀gì kan.

Ẹ jókòó sí apá ọ̀tún ọmọ kí ọwọ́ yín má bàa dí i lójú. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì lẹ̀yin, ẹ bọ́ sí apá òsì. Ẹ sọ fún un pé, “Mo fẹ́ fi bí a ṣe ń da omi hàn ọ́.” Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ẹnu mọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu yín ni ọmọ á máa wò, kò ní wo ọwọ́ yín. Ẹ di ọwọ́ jọ́ọ̀gì mú, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì gbé ẹnu rẹ̀ ró. Ẹ gbé e dé òkè jọ́ọ̀gì kejì láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Ẹ dá dúró díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá dà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí dórí ẹ̀kán tó kẹ́yìn. Ẹ dúró de ẹ̀kán yẹn, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ rí i pé ẹ ń dúró dè é. Ẹ fi àkísà nu ẹnu jọ́ọ̀gì. Ẹ bojú wo tíréè. Bí omi bá kán síbẹ̀, ẹ nù ún. Ẹ tún dà á padà sínú ti àkọ́kọ́. Ó parí, ó kan ọmọ.

Ó máa dà á sílẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé “Ṣé mi ò sọ fún ẹ?” Ẹ má gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì bá a nù ún. Àkísà wà lórí tíréè, ó rí i nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lò ó. Bó bá wò yín lójú, ẹ fi ojú júwe àkísà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú pátápátá, ẹ sọ pé, “A máa tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn,” kẹ́ ẹ jọ palẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún fi hàn án bí ẹni pé ẹ ò fi hàn án rí.

Bó bá sì dà á lẹ́ẹ̀kan, tó tún dà á, tó tún dà á, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ní San Lorenzo, Montessori rí ọmọbìnrin kan tí kò ju nǹkan bí ọdún 3 lọ, tó ń ki igi róbótó sínú ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó tún ń yọ ọ́. Wọ́n ní kí àwọn yòókù máa kọrin yí i ká, wọ́n tiẹ̀ gbé òun àti àga rẹ̀ lé orí tábìlì, kò gbójú sókè. Ó ṣe é ju ìgbà 40 lọ kó tó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Nítorí náà, ọmọ tó ń da omi lẹ́ẹ̀kẹẹ̀wàá, kò fi omi ṣeré, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí ẹ bá ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ẹ gbé garawa kan sí tòsí, kó máa da omi tó bá ti lò sínú rẹ̀. Ẹ máa fi fọ balùwẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣí ilé ìdáná fún un

Ẹ̀yà ẹ̀kọ́ yìí tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ilé, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń ná. Ohun tí ìyá wa àgbà ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Ìṣòro wa ni pé a máa ń lé ọmọ lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n kí iṣẹ́ lè yá, tó bá wá pé ọdún 12 a óò máa pariwo pé kò mọ iṣẹ́ ilé ṣe.

Ṣíṣa ẹ̀wà dára púpọ̀. Ẹ da ẹ̀wà ife kan sórí atẹ, ẹ gbé abọ́ méjì tì í, ọ̀kan fún èyí tó dáa, ọ̀kan fún òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e tó fi ń ṣà á, àwọn náà ló máa fi di pẹ́ńsù mú lọ́la. Ọmọ tí ìka rẹ̀ kò tíì le, bí ẹ fún un ní pẹ́ńsù látàárọ̀ dalẹ́, ńṣe lá máa gbá a mú bí ọmọ odó. Ẹ rí i pé ẹ se ẹ̀wà tó ṣà lọ́jọ́ náà gan-an, kí gbogbo ilé sì jẹ ẹ́.

Fún gbígbá ilẹ̀, ẹ gé ìgbálẹ̀ kó mọ níwọ̀n ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrí sílẹ̀, kó máa gbá ìdọ̀tí sínú òbìrí yẹn. Láìsí òbìrí, kò ní mọ ibi tó ń gbá a lọ. Bíbó ẹyin sísè, fífi ọ̀bẹ bọ́tà gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, fífọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kíká ańkáṣíìfù: ọmọ ọdún 3 àti 4 lè ṣe gbogbo wọn. Sítóòfù, kẹrosíìnì, ọ̀bẹ mímú àti jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìdí kankan tó fi yẹ kẹ́ ẹ dán an wò.

Fún bọ́tìnnì àti síìpù, ẹ bá télọ̀ yín sọ̀rọ̀. Kó rán àjákù aṣọ méjì tó kọjú síra, kó fi bọ́tìnnì ńlá mẹ́rin sára rẹ̀, kó fi síìpù sára òmíràn. Ẹ kàn wọ́n mọ́ férémù igi, ọmọ á máa fi wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì lórí ẹní rẹ̀, kì í ṣe ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń fọn fèrè níta.

Bí ẹ bá ti ọjà Mile 12 dé, ẹ da gàrí sínú baafù ńlá, ẹ gbé agolo mílíìkì, dẹ̀ríkà àti kọ́ńgò tì í. Agolo mílíìkì mélòó ló máa kún dẹ̀ríkà kan? Dẹ̀ríkà mélòó ló máa kún kọ́ńgò? Ẹ má sọ ọ́ fún un. Kó wọ̀n ọ́n, kó gé orí rẹ̀ bí àwọn ìyá ọlọ́jà, kó kà á. Bó bá kà á ṣì, gàrí á ṣẹ́kù tàbí kó má tó.

Ẹ̀kọ́ ìwà náà wà lábẹ́ èyí: bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn láìjẹ́ kó dún, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ohun tó bà á jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni pé ojú àlejò la ti máa ń kọ́ ọmọ. “Kúnlẹ̀! Ṣé o ò rí dádì ni?” Ojú á ti ọmọ, á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, àlejò á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣe é bí eré lálẹ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni. Kí bàbá di ìyá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú dé, kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ ipò. Ẹ kọ́ ọ náà pé, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ tí òun sì ní nǹkan í sọ, kó rọra gbé ọwọ́ lé apá yín kó dúró. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ kó mọ̀ pé ẹ ti gbọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó dúró pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà, kó tó di ìwé kíkà

Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní, 7 nínú wọn jẹ́ fáwẹ́lì. Ẹ gé páálí sí káàdì 25. Ẹ kun káàdì fáwẹ́lì ní búlúù, ẹ kun ti kọ́ńsónáǹtì ní pupa. Ẹ ra sáńpépà tó kúnná, kì í ṣe èyí tí kápẹ́ńtà fi ń ha pákó tuntun, ẹ gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde lára rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì. *Gb* wà lórí káàdì kan ṣoṣo, nítorí lẹ́tà kan ni. Àmì tó wà lábẹ́ *ẹ*, *ọ* àti *ṣ*, sáńpépà ni kẹ́ ẹ fi ṣe òun náà, kí ìka ọmọ lè kàn án. Àmì tí ìka bá kàn, ọmọ kì í fò ó tó bá ń kọ̀wé.

Ìka ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e ni kó fi máa tọ ojú lẹ́tà, láti ibi tí ọwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ tí a bá ń kọ ọ́. Bó ṣe ń tọ̀ ọ́, kó máa sọ ìró rẹ̀. Ìró ni mo wí, ẹ má pe orúkọ lẹ́tà fún un. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n sí “bí” á fẹ́ ka *abọ́* bíi “a-bí-ọ”.

Ẹ mú mẹ́ta tí kò jọra, ní ojú àti ní etí. *A*, *b* àti *ọ* dára fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ti tó kọ *bàbá*, *abọ́* àti *ọ̀bọ*. Ẹ má kó *b* pọ̀ mọ́ *d*, tàbí *e* mọ́ *ẹ*, lọ́jọ́ kan náà. Ìpele mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà ní, ọwọ́ dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Séguin ni Montessori ti gbà á. Àkọ́kọ́: “Èyí ni b.” Ìkejì: “Fi b hàn mí. Gbé ọ sórí ẹsẹ̀ rẹ. Fi a pamọ́ sẹ́yìn mi.” Ẹ pẹ́ níbí dáadáa, ibẹ̀ ni eré wà. Ìkẹta: “Kí ni èyí?” Ẹ má dé ìpele kẹta bí ìkejì kò bá tíì dúró. Bó bá ṣì í mú, ẹ má sọ pé ó ṣì í. Ẹ kó káàdì nílẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn bíi lẹ́tà mẹ́wàá, ẹ kó ìdérí ìgò omi jọ (wọn ò lè wọ́n l’Ékòó), ẹ fi máàkà kọ lẹ́tà sórí wọn, mẹ́rin-mẹ́rin fún kọ́ńsónáǹtì, mẹ́fà-mẹ́fà fún fáwẹ́lì. Ọmọ á máa to ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀: *ata*, *ilé*, *adé*. Ó máa ya àwọn kan lẹ́nu pé ọmọ lè to ọ̀rọ̀ kó tó lè kàwé. Bó ṣe rí ní San Lorenzo náà nìyẹn, àwọn ọmọ ọdún 4 àti 5 kọ̀wé kó tó di pé wọ́n ka ti ẹlòmíràn. Ẹ má tún un tò fún un. Bó bá to *ila* síbi *ilá*, inú yín ni kó dùn.

Àmì ohùn ń bọ̀ lẹ́yìn, etí ni kó sì ti kọ́kọ́ wọlé. Ẹ bu omi sínú ife gíláàsì mẹ́ta tó dọ́gba, kí ọ̀kan kún, kí ọ̀kan dé ìdajì, kí ọ̀kan ní díẹ̀. Ẹ fi ṣíbí lù wọ́n: èyí tó kún máa dún nísàlẹ̀, èyí tó ní díẹ̀ máa dún lókè. Kí ọmọ lu *bàtà* tó ń wọ̀, kó lu *bàtá* tí wọ́n ń fi jó. Àwọn ilé-ìwé Montessori máa ń fi agogo kéékèèké kọ́ ọmọ ní ohùn orin; tiwa wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohùn wà nínú ọ̀rọ̀ wa gan-an.

Bí ilé-ìwé bá ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tọ́jú káàdì Yorùbá sínú àpótí tiẹ̀, kó má dàpọ̀. *P* inú *pápá* kì í ṣe ti “pencil”, ọmọ á sì tètè mọ̀ bí àpótí bá ti yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òǹkà

Ẹ wá ife ike kékeré mẹ́wàá, ẹ kọ 0 títí dé 9 sára wọn. Ẹ wá igi súyà 45, ẹ gé ṣóńṣó orí wọn dànù. Ọmọ á ka igi kan sínú ife 1, méjì sínú ife 2, títí dé 9. Ife òdo á ṣófo, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì bi yín léèrè ìdí rẹ̀. Bó bá kà á pé, igi kankan kò ní ṣẹ́kù, nítorí 45 gan-an ni àpapọ̀ wọn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ó mọ̀ pé ibì kan wà tí òun ti ṣìṣe, á tún kà á láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un.

Láti ọdún 5, ẹ lè kọjá ẹ̀wá. Ibí yìí ni ọmọ tó ń kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń sá fún òǹkà wa, àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lè bá yín yanjú rẹ̀. Ẹ ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ kan náà, ẹ sín mẹ́wàá-mẹ́wàá sórí wáyà líle, kẹ́ ẹ di ẹnu wáyà náà kó má gún un. Mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá rọrùn: wáyà kan, àti ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Tó bá kan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ kó ẹyọ kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé wáyà méjì kalẹ̀, kó kà wọ́n: ogún. Ẹ wá fún un ní aṣọ pélébé kan, kó fi bo márùn-ún láti ìparí. Márùn-ún ti dín ní ogún. Kó ṣí ọ̀kan nínú wọn: ó ku mẹ́rin lábẹ́ aṣọ, mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Kó wá wo ohun tó hàn síta, wáyà kan tó pé àti ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn 16 tí tíṣà rẹ̀ kọ́ ọ. Ọ̀nà méjèèjì ti pàdé lórí ẹní kan náà. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ bo ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bó ṣe wù ú kò tún ní bẹ̀rù mọ́kàndínlógún mọ́.

Àkókò, àwọn àgbà ilé, àti ẹnu yín

Ní ilé-ìwé, wákàtí 3 tí wọn kì í já ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọmọ láàárọ̀. Ẹni tó ń ti orí Third Mainland dé lálẹ́ kò lè ṣe ìyẹn, kò sì yẹ kó gbìyànjú rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni ti yín. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo kí ọmọ tó jẹun alẹ́ ti tó. Bí ẹlòmíràn bá ń bá yín tọ́jú ọmọ, ẹ pè é jókòó kó wo bẹ́ ẹ ṣe ń da omi, nítorí òun ló wà pẹ̀lú ọmọ jù.

Ìyá àgbà lè bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ sọ ọmọ òun di ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ẹ má jà. “Màámi, òun ló ní òun fẹ́ ṣe é o,” kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ bó ẹyin fún wọn jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro: ọmọ ló mú iṣẹ́ náà, òun ló sì máa sọ pé ó tó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti pàṣẹ kó lọ ṣa ẹ̀wà nítorí pé ọbẹ̀ ti ń jó, ẹ ti kúrò nínú ohun tí à ń sọ.

Oríyìn náà, ẹ dín in kù. Bí ẹ bá ń pariwo “Ó káre!” ní gbogbo ìgbà tó bá da omi, láìpẹ́, á máa wo ojú yín kó tó wo jọ́ọ̀gì. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí: “O nu tíréè gbẹ.” Ó ti tó.

Bí ẹ bá ń wá ilé-ìwé

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí igun kíláàsì fún bí ìdajì wákàtí láàárọ̀. Ẹ wò bóyá ọmọ ọdún 3, 4 àti 5 wà pọ̀ nínú yàrá kan, bóyá ohun èlò wà níbi tí ọwọ́ wọn tó, àti bóyá oríṣiríṣi iṣẹ́ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbogbo àga bá kọjú sí pátákó, tí ọmọ 30 ń ké “A for Apple”, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lásán ni, orúkọ yòówù tó wà níta. Ó lè jẹ́ ilé-ìwé tó dáa o, àmọ́ ẹ má san owó Montessori fún un. Ẹ fọwọ́ kan ohun èlò wọn náà. Èyí tí eruku ti bò, fún àwọn òbí ni wọ́n ṣe kó o síbẹ̀.

Ẹ bi àǹtí tó ń kọ́ wọn ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọ ọdún 3 sí 6, àti bó ṣe pẹ́ tó. Ẹgbẹ́ àgbáyé tí Montessori fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1929, Association Montessori Internationale, ṣì wà, wọ́n sì ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí. Kì í ṣe gbogbo àǹtí tó mọṣẹ́ ló ní tiwọn, àmọ́ ẹni tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní gbọ̀ngán òtẹ́ẹ̀lì kò tíì mọ nǹkan. Ẹ bèèrè ìwé ìfọwọ́sí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, nítorí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 kan ilé-ìwé aládàáni náà. Ẹ wo iṣẹ́ àṣetiléwá: ọmọ ọdún 4 tó ń gbé “kọ 1 sí 100” wálé lálaalẹ́ kò sí ní Montessori.

Àwọn kan á sọ pé àwọn ò gba òbí wọ kíláàsì, pé kẹ́ ẹ dúró de ọjọ́ àfihàn ìparí táàmù. Ẹ bi wọ́n ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Túsìdeè tí kò sí àlejò kankan, kẹ́ ẹ sì ní ọjọ́ yẹn lẹ fẹ́ wá.